Ìwé Kan Ṣoṣo, Ewu Ni: Ìtọ́jú Ìwé Ọ̀wọ́n ní Ilé Ìkàwé Yunifásítì

Ní ọdún 1897, Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ńlá kan ní Ọ̀yọ́ lórí ìtàn àwọn Yorùbá. Alákétu àti Oníṣábẹ̀ẹ́ wà lára àwọn ọmọ ọmọ Odùduwà tí ó kọ ìtàn wọn síbẹ̀. Ní 1899, a fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sì sọnù. Johnson kú ní 1901 láìtún fojú kàn án.

Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù nílé jọ, tí ó sì tún ìwé náà kọ. Ní 1916, ọkọ̀ òkun Appam tí ó ń gbé e lọ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì nígbà ogun. Amẹ́ríkà ni wọ́n wà á gbà. Orí ni ó yọ ìwé náà. Ní 1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde, lẹ́yìn tí Obadiah náà ti kú ní 1920.

Àkọsílẹ̀ kejì tí ó wà nílé ni ó gba ìwé yìí là. Ohun tí ilé ìkàwé yunifásítì wà fún gan-an nìyẹn: kí ọ̀rọ̀ má baà parẹ́ nítorí pé ẹ̀dà kan ṣègbé.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ìbàdàn. Ní 1948 ni yunifásítì ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nǹkan bí 18,000 ìwé tí Henry Carr ti Èkó kó jọ kí ó tó kú ní 1945 wà lára ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé rẹ̀. Ní 1950, òfin pàṣẹ pé kí àwọn òǹtẹ̀wé máa fi ẹ̀dà ohun tí wọ́n bá tẹ̀ pamọ́ síbẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ìwé pélébé tí ẹlòmíràn ìbá fi di àkàrà di ẹ̀rí lọ́wọ́ olùwádìí.

Ṣùgbọ́n ìkópamọ́ nìkan kò tó. Ikán, ooru àti ọ̀rinrin ń ba ìwé jẹ́ nílẹ̀ wa. Igi ni a sì fi ṣe ọ̀pọ̀ tákàdá àtijọ́. Èròjà kíkan inú rẹ̀ ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi máa rún bí ewé gbígbẹ. Nítorí náà ni a ṣe ń ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sórí fíìmù, àti lóde òní sínú kọ̀ǹpútà. Òǹkàwé yóò ka àwòrán, ìwé yóò sì sinmi. A lè fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ibòmíràn láìjẹ́ pé ìwé kúrò nílé. Pínpín ìwé, apá kan ìtọ́jú rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́. Ìjọba Benin fọwọ́ sí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè ní 1975. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń kọ Nàgó sílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, àti bí a ti ń kọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, inú ìwé ìkọ́ni kéékèèké ni yóò wò. Díẹ̀ ni a máa ń tẹ̀ nínú wọn. Bí ẹ̀kọ́ bá ti parí, wọn a fọ́n ká.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ilé ìkàwé kò lè mọ ìwé tí ó wà nínú àpótí abúlé. Abúlé kò sì ní fíìmù. Kí olúkúlùkù wa fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé, kí ó sì fi òmíràn sílẹ̀ fún àwọn tí ó ń kà á.