Obì Gbànja: Ìtàn Òwò Ohun Ìtọrẹ Kan ní Ilẹ̀ Yorùbá

Bóyá ni ohun ìtọrẹ kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó kárí tó obì. Bí wọ́n bá ń sọ ọmọ lórúkọ, obì yóò wà níbẹ̀. Bí ẹbí ọkọ bá lọ tọrọ ìyàwó, obì, orógbó àti ataare kì í wọ́n nínú ẹrù wọn. Bí àlejò bá sì wọlé, obì ni onílé fi ń kí i káàbọ̀. Àdúrà tí àwọn àgbà ń gbà sí i kò fara sin: kí obì bi ikú, kí ó bi àrùn. Ní ilẹ̀ Haúsá pẹ̀lú, níbi tí ọ̀dá kò ti jẹ́ kí igi obì hù dáadáa, wọn a máa pín obì níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Nítorí náà, ẹni tí ń ta obì kò ta oúnjẹ lásán. Ohun tí ẹlòmíràn yóò fi bu ọlá fún ẹnì kejì rẹ̀ ni ó ń tà. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kí ẹni tí ń ka ìtàn òwò náà fi sọ́kàn.

Oríṣi obì méjì ni ó gbajúmọ̀. Obì abàtà, tí awẹ́ rẹ̀ máa ń tó mẹ́ta sí mẹ́fà, ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá láti ọjọ́ pípẹ́, òun sì ni a ń lò fún òrìṣà àti Ifá. Gbànja, tí ó ní awẹ́ méjì péré, ni àwọn Haúsá fẹ́ràn jù. Ìwọ̀-oòrùn ni ó ti wá, láti inú igbó Àṣáńtì, nípasẹ̀ ọjà Sàlágà ní ilẹ̀ Gonja. Orúkọ ilẹ̀ náà ni ó sì bí orúkọ gbànja. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Àṣáńtì ní ọdún 1874, agbára ọjà Sàlágà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Púpọ̀ nínú obì náà wá ń gba ojú òkun, láti Àkàrà dé Èkó, tí ó ti wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1861. Àwọn oníṣòwò Haúsá a rà á ní Èkó, wọn a sì kó o lọ sí òkè Ọya. Ní àkókò yìí, ọ̀nà lásán ni ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ fún gbànja. Ẹrù ń kọjá lọ, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ kò sí lóko.

Àwọn àgbẹ̀ ni ó yí èyí padà. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ èyí tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ Èkó kan fi ìṣòwò sílẹ̀, wọ́n sì lọ dáko ní Àgége. Jacob Kehinde Coker, tí a bí ní ọdún 1866, wà lára àwọn aṣáájú wọn. Kòkó ni ó sọ oko wọn di olókìkí, ṣùgbọ́n gbànja náà wà níbẹ̀, gbígbìn rẹ̀ sì tàn dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Rẹ́mọ. Iṣẹ́ onísùúrù ni. Ọdún púpọ̀ ni igi obì fi ń dàgbà kí ó tó so, nítorí náà àgbẹ̀ a máa gbin ẹ̀gẹ́ àti kókò sáàárín rẹ̀, kí ilé má bàa pa ebi nígbà tí a ń retí obì.

Ọ̀nà rélùwéè ran iṣẹ́ wọn lọ́wọ́. Ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó sì dé Kánò ní ọdún 1911. Ní ọdún 1916, a dá Sábó sílẹ̀ ní Ìbàdàn fún àwọn Haúsá. Ṣàgámù pẹ̀lú ní Sábó tirẹ̀. Màlúù ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ọya, obì sì ń gòkè lọ. Kí ọdún 1940 tó dé, obì oko ilé ti gba ipò èyí tí ń bá ọkọ̀ ojú omi wọlé. Kí ni ó lé obì òkèèrè lọ? Igi tí a gbìn ni.

Síbẹ̀, igi nìkan kò lè gbé òwò náà dúró. Àwọn obìnrin tí ń ra obì lóko ni wọ́n mọ ìyókù. Wọn a pa akótó rẹ̀, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi kí èèpo funfun lè bọ́, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a sì ṣà á lẹ́yọ lẹ́yọ: ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò ti jẹ lọ́tọ̀. Wọn a wá fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n kí obì má bàa gbẹ, wọn a sì máa tú u wò lóòrèkóòrè, kí wọ́n lè pààrọ̀ ewé kí wọ́n sì yọ èyí tí ó bàjẹ́. Ìdí àníyàn yìí kò jìnnà. Ẹni tí ó bá fún àna rẹ̀ ní obì jíjẹrà ti dójú ti ara rẹ̀. Oníbàárà tí ó wà ní Kánò kò mọ oko, kò sì mọ àgbẹ̀; ọwọ́ ẹni tí ó ṣa obì ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Bí a bá já a kulẹ̀, ìtìjú náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Yóò kan ẹni tí ó fún ní obì pẹ̀lú.

Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń so obì jù lọ ní ayé lónìí. Iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1964 sì ń ṣe ìwádìí lórí obì pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ewu tuntun ti wọ inú agbọ̀n. Àwọn kan ń da oògùn apakòkòrò sí obì kí ó lè pẹ́ nílẹ̀, àwọn olùwádìí sì ti rí ìyókù irú oògùn bẹ́ẹ̀ nínú obì tí a ń tà lọ́jà. Ó dín wàhálà ṣíṣà àti pípààrọ̀ ewé kù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu ni a ń fi obì sí láìsè é. Kí ni àǹfààní àdúrà pé kí obì bi àrùn, bí ó bá jẹ́ pé inú obì náà ni àrùn wà?

Àwọn tí ó gbin gbànja sí ilẹ̀ tí kò sí tẹ́lẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó ṣe é fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin tí ń ṣà á kò fi ojú tín-ín-rín wo ẹyọ kan. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi í tún ìwà ara ẹni ṣe. Bí àwọn tí ó jogún òwò náà bá fẹ́ kí ó pẹ́, kí wọ́n padà sí ewé, kí wọ́n padà sí ṣíṣà, kí ẹni tí ó gba obì lè jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.