Agogo àti Ẹlẹ́rìí Rẹ̀: Ìtàn Ìdíwọ̀n Àkókò láti Ìfọ̀ dé Mòwé

1. Ìfáàrà
Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé agogo kì í jẹ́rìí ara rẹ̀. Ìtàn àkókò ní agbègbè Ìfọ̀, Ìbàfọ̀ àti Mòwé ni ó gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Irinṣẹ́ ìdíwọ̀n tòkúnbọ̀ ni ó sọ ọ́ di ọ̀ràn òde òní.

2. Agogo Ojú Irin
Wáyà abẹ́ òkun dé Èkó ní 1886. Ní 1896, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ó gba Ìfọ̀ kọjá sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Àgbẹ̀ lè wo oòrùn kí ó mọ ìgbà, ṣùgbọ́n bí agogo ìdíkọ̀ reluwé méjì kò bá ṣe déédéé, ewu wà lójú irin.

Èwo wá ni agogo tí ó tọ̀nà? Láàárín ọdún 14, ìdáhùn yí padà lẹ́ẹ̀mẹrin. Àkókò oòrùn Èkó fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú àáyá 35 ṣáájú ti Greenwich. Ní 1905, wọ́n gba ti Greenwich. Ní 1908, wọ́n padà sí ti Èkó. Ní 1914, wọ́n fi ìṣẹ́jú 30 lé ti Greenwich. Ní 1919, ó di wákàtí kan gbáko, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí di òní. Kì í ṣe pé agogo bàjẹ́. Ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀.

3. Òpó Ìbàfọ̀ àti Mòwé
Ní 1978 ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ó gba Ìbàfọ̀ àti Mòwé kọjá. Ní 2001, fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, òpó rẹ̀ sì tẹ̀ lé ọ̀nà náà. Ìlànà GSM ni pé ìgbì òpó kò gbọdọ̀ fi ju ìdá kan nínú 20,000,000 lọ yẹ̀: hertz 45 péré lórí megahertz 900. Yàtọ̀ sí èyí, ariwo lè wà nínú orísun ìgbì, agogo inú ẹ̀rọ sì lè máa gbọ̀n, kí ìlù rẹ̀ yá tàbí kí ó pẹ́ díẹ̀.

4. Irinṣẹ́ Tòkúnbọ̀
Irinṣẹ́ tí ń wọn àbùkù wọ̀nyí wọ́n gógó; nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá tòkúnbọ̀. HP 5370B, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, lè dá picosecond 20 mọ̀. Ṣùgbọ́n kírísítálì inú irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń darúgbó, ariwo tirẹ̀ sì lè bo ti ohun tí ó ń wọ̀n mọ́lẹ̀. Àbùkù ara rẹ̀ ni ó lè máa kà síni létí.

Agogo inú sátẹ́láìtì GPS lè tún ìyẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n kò tó fún gbígbọ̀n ojú ẹsẹ̀. Ní 1974, Gray àti Allan ṣàlàyé ọ̀nà mìíràn: kí wọ́n fi agogo mẹ́ta wé ara wọn ní méjì-méjì. Bí àṣìṣe ọ̀kan kò bá ti ọwọ́ èkejì wá, ìṣirò yóò ya ìpín ẹnìkọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀.

5. Ìkádìí
Àṣẹ ìjọba ni ó yan ẹlẹ́rìí fún agogo Ìfọ̀. Ẹni tí ó ra irinṣẹ́ tòkúnbọ̀ ni yóò wá ẹlẹ́rìí tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ó tó béèrè iye owó, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n fi wé e.