Bàbá ńlá yín bá òyìnbó ṣiṣẹ́? Ẹ lọ wá fáìlì rẹ̀

1/ Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n ti sọ fún nílé pé, "Bàbá ńlá yín bá òyìnbó ṣiṣẹ́." Ibẹ̀ náà ni ìtàn máa ń parí sí. Iṣẹ́ wo? Ìlú wo? Ta ló ń pàṣẹ fún un, ta lòun náà ń pàṣẹ fún? Ẹ jókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìwé wà o.

2/ Láti ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní 1861, òyìnbó tó wà nílẹ̀ ò tó nǹkan. Àwọn èèyàn wa ló ń ṣe akọ̀wé, ògbufọ̀, akọ́dà, ọlọ́pàá. Nígbà tó yá, wọ́n tún ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ìjọba yẹn sì fẹ́ràn àkọsílẹ̀ gan-an, títí dórí owó tí wọ́n ń san fún òṣìṣẹ́.

3/ Ilé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà ní gbogbo orúkọ tí bàbá náà ń jẹ́ àti ìlú tó ti ṣiṣẹ́. Ìlú yẹn ni kọ́kọ́rọ́, torí ọ́fíìsì tó ni fáìlì ni wọ́n fi ń tò ó, wọn kì í fi orúkọ ìdílé tò ó.

4/ Lẹ́yìn náà, ó di National Archives ní Ìbàdàn, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ló ṣáájú iṣẹ́ tó bí i ní 1954. Tẹ́ ẹ bá rí CSO lára fáìlì, ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ìjọba ló ti wá. Oyo Prof, Ije Prof, Abe Prof: ọ́fíìsì àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Abẹ́òkúta nìyẹn.

5/ Ẹ tún béèrè Blue Book àti Gazette. Ọdọọdún ni Blue Book ń jáde: ipò, orúkọ, ọjọ́ tí wọ́n gba èèyàn síṣẹ́, owó rẹ̀. Inú Gazette lẹ ti máa rí ìgbéga àti ìfẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n tí bàbá yín bá jẹ́ òṣìṣẹ́ kékeré, ó lè jẹ́ pé iye wọn lásán ni wọ́n kọ síbẹ̀. Inú fáìlì ìlú lẹ máa lọ wò.

6/ Ẹ ṣọ́ra fún sípẹ́lì o. Ṣóníbárẹ́ lè di Shonibare, ó lè di Sonibare. Àwọn kan tiẹ̀ pààrọ̀ orúkọ pátápátá: David Brown Vincent, pásítọ̀ ní Èkó, di Mojola Agbebi ní 1894. Tí orúkọ kan ò bá sí, ẹ wá èkejì.

7/ Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló kọ nǹkan sílẹ̀. Otunba Payne, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí ní Sàró, jẹ́ akọ̀wé àgbà kóòtù ní Èkó. Láti 1874 ló ti ń tẹ almanaki Èkó jáde. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ó sì ń pa ìtàn tiwa mọ́.

8/ Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn rèé. Henry Carr bá ìjọba ṣiṣẹ́ títí ó fi di Rẹ́sídẹ́ǹtì Èkó ní 1918. Herbert Macaulay náà jẹ́ sọ̀fíyọ̀ ìjọba, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1898, ó wá di alátakò ìjọba. Àwọn méjèèjì ò rẹ́ rárá. Lónìí, ìwé tí Carr kó jọ àti àwọn ìwé Macaulay jọ wà nínú ilé ìkàwé kan náà, Kenneth Dike Library, ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá ka ti ọ̀kan, tí kò ka ti èkejì, ìlàjì Èkó ló mọ̀.

9/ Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá tiyín. Ní 1916, Òkèhò àti Ìsẹ́yìn dìde. Ìbínú sí kóòtù tuntun àti àwọn tó ń jókòó níbẹ̀ wà lára ohun tó fà á. Ní 1918, Ẹ̀gbá dìde nínú Ogun Àdùbí, wọ́n hú irin rélùwéè, torí owó orí àti iṣẹ́ ipá. Ta ló ń kéde owó orí yẹn láti ilé dé ilé? Ọmọ ìlú ni. Àwọn tó kọ̀ láti san án ńkọ́? Ọmọ ìlú làwọn náà.

10/ Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí orúkọ bàbá yín lórí ìwé owó oṣù, ẹ má tíì máa jó. Ẹ ṣí ojú ewé tó kàn. Ẹ wá ìwé ẹ̀sùn tí àwọn ará ìlú kọ nípa ọ́fíìsì rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé èèyàn dáadáa ni, ó lè jẹ́ pé ó jẹ àwọn èèyàn níyà. Àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà èèyàn. Ó ṣeé ṣe kí ìyá ìyá yín wà lára àwọn tó fi ẹ̀sùn yẹn sùn.

11/ Àwọn tó mọ ìlú tí bàbá wọn ti ṣiṣẹ́ ń dín kù lójoojúmọ́. Fáìlì lè dúró dè yín. Àwọn àgbà ò lè dúró. Ẹ pe ìyá àgbà lónìí, kẹ́ ẹ sì mú bírò dání.