Hydrovac: Orúkọ Tó Ti Sọ Ibi Tí Àìsàn Wà

Lónìí, ìtàn orúkọ kan ṣoṣo la fẹ́ sọ, orúkọ tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì láti Mile 2 dé Alákijà: hydrovac.

Ohun tó fà á nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 àtijọ́ tó fi ń kó ẹrù ní Festac. Lọ́jọ́ kan, lórí títì márosẹ̀ Badagry, ó tẹ bíréèkì, àfi bí ẹni tẹ òkúta. Ọkọ̀ náà dúró o, àmọ́ díẹ̀ ló kù kó kọlu dáńfó tó wà níwájú. Mẹkáníìkì ní páàdì ni. Wọ́n pààrọ̀ páàdì, bíréèkì tún le. Wọ́n pààrọ̀ master cylinder, ó ṣì le. Owó ti lọ kí ọ̀gá mẹkáníìkì kan tó ti dàgbà tó dá sí i: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ tiẹ̀ ti yẹ hydrovac wò?"

Níbo ni orúkọ yẹn ti wá? Nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, agbára awakọ̀ nìkan ló ń dá a dúró. Bí mọ́tò ṣe ń wúwo sí i, tó sì ń sáré sí i, ẹsẹ̀ nìkan ò tó mọ́. Ní 1927, ẹnjiníà ará Belgium kan, Albert Dewandre, gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń lo fífà tí ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ láti fi ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ Bosch ní Jámánì sì gbé e sọ́jà. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ Bendix ṣe tiwọn fún ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n sọ ọ́ ní Hydrovac. "Hydro" ń tọ́ka sí òróró bíréèkì tó wà nínú páìpù. "Vac" ń tọ́ka sí àyè tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde. Orúkọ ọjà iléeṣẹ́ kan wá di orúkọ gbogbo irú ẹ̀, bí àwa náà ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ní Omo.

Agolo ńlá roboto ni. Róòbà pẹlẹbẹ kan pín inú ẹ̀ sí méjì. Ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde. Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, afẹ́fẹ́ ìta á ya wọ ẹ̀gbẹ́ kan, á sì ti róòbà náà síwájú. Tí róòbà yẹn bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 láti etí dé etí, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì í lè tó ìwọ̀n 200 kílò. Ẹsẹ̀ ta ló nírú ẹ̀?

Báwo ló ṣe wá dé àdúgbò wa? Ní 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná, Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, lórí títì Badagry yìí kan náà. Ní oṣù kìíní 1977, àwọn àlejò FESTAC dé sí ilé tuntun tí ìjọba kọ́ sí Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. Lẹ́yìn ayẹyẹ, àwọn ìdílé kó wọbẹ̀. Píkọ́ọ̀pù 504 jáde ní 1979. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, apá ọ̀pọ̀ èèyàn ò ká ọkọ̀ tuntun mọ́. Àtijọ́ la ń tún ṣe, tòkunbọ̀ la ń rà. Ilẹ̀ Trade Fair tí wọ́n ti pàtẹ ọjà àgbáyé ní 1977 wá di ibi tí àwọn ASPAMDA ti ń ta páàtì. Nígbà tí páàtì wà nítòsí báyìí, ó rọrùn láti máa pààrọ̀ ká tó wádìí. Ibẹ̀ ni owó ẹ̀gbọ́n mi bá lọ.

Bẹ́ẹ̀ ìwádìí ò gba kọ́bọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí á fi le. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí ẹ wá ṣíná ọkọ̀. Tí pẹ́dààlì bá rọlẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, hydrovac ń ṣiṣẹ́. Ẹ lọ wo páàdì àti písítìnì tó há. Tí kò bá mira, ìrànlọ́wọ́ ò dé nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ wo họ́ọ̀sì tó ti ara ẹ́ńjìnnì wá, bóyá ó ti ya. Ẹ wo fáàfù kékeré tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà sínú agolo. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì, òun fúnra ẹ̀ kì í fa afẹ́fẹ́ tó, torí náà ẹ wo pọ́ńpù tó ń bá a fà á. Bí gbogbo ìyẹn bá dáa, hydrovac fúnra ẹ̀ ló kù. Tẹ́ ẹ bá sì ń gbọ́ "ṣíììì" tí kò dáwọ́ dúró nígbà tẹ́ ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ róòbà inú ẹ̀ ló ya.

Họ́ọ̀sì tó ya ni ti ẹ̀gbọ́n mi. Họ́ọ̀sì lásán!

Ẹ má gbàgbé: bíréèkì tó le ṣì lè dá ọkọ̀ dúró, àmọ́ ó máa jìnnà kó tó dúró, pàápàá tí ẹrù bá wà lẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ má gbé e jáde sójú títì títí ẹ ó fi tún un ṣe, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn fi nǹkan dí họ́ọ̀sì yẹn kó ní ó ti parí.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ̀ àtijọ́ nílé.