Àfonífojì Òkè-Ihò Àtijọ́ àti Àwọn Òkè Tó Yí I Ká

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn òkè agbègbè wa. Bí mo bá ní kí n ka gbogbo wọn láti Tẹ̀dé níhìn-ín títí dé Ìgbẹ́tì, ilẹ̀ yóò ṣú mọ́ wa lórí ìjókòó. Ṣakí nìkan, pẹ̀lú Àsabàrí rẹ̀, tó ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Nítorí náà ibì kan ni n ó mú, ibi tí òkè àti kòtò ti pàdé nínú orúkọ ìlú. Òkè-Ihò ni. Kì í ṣe Òkè-Ihò tí ọkọ̀ ń já èrò sí lónìí ni mo ń wí. Ti àtijọ́ ni, èyí tó ti di ahoro láàrin àwọn òkè, tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ní ọdún 1917. Mo mú un nítorí pé àwọn àlejò ti ń pọ̀ tí wọ́n ń wá wo òkè ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn. Wọ́n ń ya àwòrán, wọ́n ń yin ẹwà ibẹ̀, wọ́n sì ń padà lọ láì mọ̀ pé inú ilé àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ti rìn kọjá.

Láti Tẹ̀dé, ìhà gúúsù ni à ń kọrí sí. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni: igi ẹ̀mì, igi igbá, àyín, àti koríko tó ga ju ènìyàn lọ nígbà òjò. Ibi tí ojú rò pé ilẹ̀ yóò tẹ́ lọ bẹ́ẹ̀ títí ni àpáta yóò ti yọ lójijì, òmíràn rí roboto bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí, òmíràn to lé ara wọn bí ìkòkò amọ̀ lọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó lọ lẹ́yìn tí òjò bá ti dá, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun ìgbẹ́. Nígbà òjò, àpáta a máa yọ̀, koríko a sì bo ejò mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá mú gan-an, ìkùukùu eruku a bo àwọn òkè tó jìnnà, ojú kò sì ní í rí bí wọ́n ṣe so ọwọ́ pọ̀ yí àfonífojì náà ká. Bí wọ́n ṣe so ọwọ́ pọ̀ yìí sì ni kókó ọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá gun òkè, tó sì bojú wo ìsàlẹ̀, yóò rí i pé ògiri ìlú ni Elédùmarè ti mọ síbẹ̀ kí ènìyàn tó dé. Inú kòtò ààrin wọn ni ènìyàn ń gbé. Ihò àpáta wà tí aláboyún àti ọmọdé lè sá sí bí ogun bá dé. Àwọn ẹnu ọ̀nà tó wọlé kò gbòòrò, ìwọ̀nba ọkùnrin tó gbójú lè ṣọ́ wọn. Ẹni tí kò bá mọ ahoro í wò yóò rò pé igbó lásán ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kọ́ wa, nígbà tí a bá ń jáwé, pé igi ni kí a kọ́kọ́ bi léèrè. Igi oṣè ńlá kì í sábà wà níbi tí ènìyàn kò gbé rí. Pèrègún tó tò lẹ́sẹẹsẹ nínú igbó, ojúbọ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Odán tó nà apá, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ọjà tàbí ojúde ọba ti wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí àpáàdì, ìpìlẹ̀ ilé, àti ojú àpáta tó ti jin nítorí pé àwọn obìnrin ti lọ nǹkan lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí ló kó ènìyàn lọ síbẹ̀? Ogun ni. Ní nǹkan bí igba ọdún sí àkókò wa yìí ni ilẹ̀ Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ọ̀yọ́-Ilé tú ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin láti Ìlọrin sì ń ja ilẹ̀ ọ̀dàn kiri. Ẹṣin ni agbára wọn. Ilẹ̀ títẹ́jú bí tiwa yìí sì dà bí ẹni tẹ́ ẹní fún ẹṣin. Láti ìwọ̀-oòrùn, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì náà ń wá kó ẹrú. Ẹ rántí pé wọ́n fọ́ Kétu ní ọdún 1886. Ẹṣin kò lè gun àpáta, ẹni tó sì ń wá ẹrú kì í fẹ́ ibi tí wọn yóò ti máa yí òkúta lù ú láti òkè. Ìtàn Òkè-Ihò sọ fún wa pé abúlé mọ́kànlá ni wọ́n kó ara wọn jọ sínú àfonífojì náà lábẹ́ Onjò Arílésiré. Ìjò wà nínú wọn, Ìsìà, Ìsẹ́mi, Olele, Gbọ́njẹ́ àti àwọn yòókù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó fi tipátipá kó wọn gòkè. Abúlé mọ́kànlá tí olúkúlùkù ní olórí tirẹ̀ àti ojúbọ tirẹ̀ gbà láti di ìlú kan, kí wọ́n má baà parun. Èmi kò mọ iye ìlú tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí láì lọ sí kóòtù.

Kí n tó dé ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yà sí Adó, èyí tí a ń pè ní Adó-Àwáyè, nítorí pé ọ̀rọ̀ òkè kan àwa onífá ju bí a ti ń rò lọ. Gbogbo wa mọ Òkè Ìtasẹ̀ ní Ifẹ̀, kò sí awo tí kò mọ̀ ọ́n. Ti Adó ni a kì í sábà sọ. Ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ sílẹ̀, ìwé tó parí ní 1897 ṣùgbọ́n tí wọn kò tẹ̀ jáde títí di 1921, sọ pé láyé Aláàfin Onígbogí, ìyá ọba gbé Ifá wá sí Ọ̀yọ́ láti Ọ̀tà. Arùgbá Ifá ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Ọ̀yọ́ kọ̀ ọ́. Ìyá náà pẹ̀yìn dà pẹ̀lú omijé. Nígbà tó dé Adó, Aládó bi í léèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún, ó sì gba Ifá lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn Nupe fi kó Ọ̀yọ́, tí ọba sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá. Nínú ìgbèkùn yẹn ni Ọ̀yọ́ rántí ohun tí wọ́n kọ̀. Adó ni wọ́n ti wá tẹ̀ wọ́n ní Ifá, kí wọ́n tó padà wá tẹ Ìgbòho dó, níbi tí Aláàfin mẹ́rin sùn sí.

Ẹ ò rí i pé àwọn tó wà ní ààfin ló kọ Ifá, ìlú orí òkè ló sì gbà á pamọ́ dè wọ́n. Àwọn tó ń gun òkè Adó lónìí lọ wo adágún omi Ìyákẹ́ pọ̀ jọjọ. Mélòó ni a ń sọ èyí fún?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Òkè-Ihò. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, ogun tán, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ti di ilé wọn. Ajẹ́lẹ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́, W. A. Ross, ti Aláàfin Ládìgbòlù, tó jọba ní 1911, lẹ́yìn, ó sì fẹ́ kí àṣẹ Ọ̀yọ́ dé gbogbo Òkè-Ògùn ju bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ẹjọ́ tí baálé ń parí lábẹ́ igi di ohun tí akọ̀wé ń kọ sílẹ̀, tí wọ́n ń gba owó ìtanràn lé lórí. Wọ́n ń fi agbára kó ènìyàn lọ la ọ̀nà. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1916, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bá Jámánì jagun, inú bí Ìṣẹ́yìn àti Òkè-Ihò. Wọ́n kọ lu kóòtù àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ní Òkè-Ihò, wọ́n pa Onjò fúnra rẹ̀ nítorí wọ́n kà á mọ́ àwọn tó fọwọ́ sí ìjìyà wọn. Ohun tó burú ni, n kò ní í fi ẹwà ìtàn bò ó mọ́lẹ̀. Kí ọmọ ìlú pa ọba ìlú kì í ṣe ohun tí à ń jó sí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó náà, ènìyàn tí kò ní ibi tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ mọ́ ló ń gbé ọwọ́ lé irú rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ìjọba dé, wọ́n fi ìbọn tẹ rògbòdìyàn náà rì, wọ́n sì so àwọn aṣáájú rẹ̀ kọ́ ní gbangba.

Lẹ́yìn náà ni àṣẹ jáde pé kí gbogbo ìlú sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ìlú tó wà láàrin òkè ṣòro fún ìjọba láti ṣọ́, gẹ́gẹ́ bó ti ṣòro fún ẹlẹ́ṣin láti jà. Ohun tó dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ogun ló di ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan ń sọ pé oore ni ìṣípòpadà yẹn, pé òun ló mú ọ̀nà, ọjà ńlá àti ilé ẹ̀kọ́ wá. Ọ̀nà dára, èmi náà ń gùn ún. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàrin ẹni tó kó ẹrù rẹ̀ nítorí pé ó gbìmọ̀ pẹ̀lú ara ilé rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ní kí ó kó jáde. Wọ́n ti fi ìmọ̀ràn ara wọn gòkè, àṣẹ ẹlòmíràn ló wá mú wọn sọ̀ kalẹ̀ ní 1917. Ọdún yẹn ni ọmọ Òkè-Ihò fi ń ka ọjọ́ orí ìlú wọn tuntun, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Kí ni wọ́n lè kó? Ẹ̀yin awo, ẹ mọ èyí. Ikin ń wọ àpò. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ń kọ́ èjìká. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà àti Bràsíl tilẹ̀ kó Ifá lọ nínú orí lásán, ó sì wà láàyè níbẹ̀ títí dòní. Nígbà tí àjọ UNESCO kéde Ifá ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ìṣúra gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ àti ìmọ̀ tó ń gbé inú ènìyàn ni wọ́n ń dáàbò bò. Àmọ́ òkè kò ṣeé dì sínú igbá. Iboji baba ẹni kò ṣeé rù. Òrìṣà tó jẹ́ pé àpáta gan-an ni ojúbọ rẹ̀, wọ́n lè pe orúkọ rẹ̀ ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ, òun fúnra rẹ̀ dúró sí ibi tó wà.

Nítorí èyí, mo ní ọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ àfonífojì náà wò. Kí ó kọ́kọ́ lọ kí Onjò ní ààfin, kí ó sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fún un ní ọmọ ilé kan tí baba rẹ̀ wá láti òkè, nítorí afinimọ̀nà tí kò ní ìpìlẹ̀ ilé kankan níbẹ̀ yóò kàn máa fi ibi tó dára fún àwòrán hàn yín ni. Ẹ má ṣe mú òkúta tàbí àpáàdì kankan wálé. Ẹ má fi ọ̀dà kọ orúkọ yín sí ara àpáta. Mo ti rí i lórí òkè kan ní agbègbè wa, wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù sí ibi tí à ń bọ. Bí ẹ bá sì gbọ́ ìró ayùn, ẹ padà wá sọ ní ìlú. Àwọn tó ń sun èédú fún títà ti ń gé ẹ̀mì, àyín àti apá káàkiri Òkè-Ògùn. Bí wọ́n bá gé oṣè àti odán tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kò sí ohun tí a ó tún fi mọ ojúde ọba yàtọ̀ sí ojú àpáta.

Àwọn orúkọ àdúgbò tí wọ́n kó sọ̀ kalẹ̀ wà lẹ́nu àwọn ènìyàn síbẹ̀. Ẹ lè dé Ìsìà tàbí Gbọ́njẹ́ nínú ìlú tuntun, kí ẹ bi baálé kan léèrè ibi tí Ìsìà àkọ́kọ́ wà, yóò sì na ọwọ́ sí òkè. Ṣùgbọ́n àwọn tí baba tó bí wọn wà lára àwọn ọmọdé tí wọ́n pọ̀n sọ̀ kalẹ̀ ní 1917, àwọn tó lè mú yín dé orí ìpìlẹ̀ náà gan-an kí wọ́n sì sọ pé yàrá ìyá àgbà nìyí, wọ́n ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ẹsẹ̀ wọn kò sì gbé òkè mọ́.