Aro kì í ṣe orúkọ èébú

Ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ la mú wá lónìí, ìtàn la ó sì fi sọ ọ́.

Bí ènìyàn bá ṣe ohun tí kò bójú mu, ẹ ó gbọ́ tí ẹlòmíràn yóò ní, "Ẹ gbé e lọ sí Aro!" Ní Èkó, "Yaba Left" ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ti sọ ọ́ di èébú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní Aro yìí gan-an ni wọ́n ti dá iyì ọ̀pọ̀ aláìsàn padà fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní 1907 ni ìjọba òyìnbó ṣí ilé àwọn alárùn ọpọlọ sí Yábà. Ní 1944, wọ́n ṣí òmíràn sí Lantoro, ní Abẹ́òkúta. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìtìmọ́lé ló pọ̀ níbẹ̀ ju ìtọ́jú lọ. Ká má sì purọ́, kì í ṣe òyìnbó nìkan: lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn tiwa náà, ṣẹkẹṣẹkẹ àti ẹgba kò wọ́n. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, tí wọ́n tún dè mọ́lẹ̀ bí olè, kí ni kó máa rò nípa ara rẹ̀? Àìsàn kan ti di méjì.

Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923, dé láti ìlú òyìnbó, níbi tó ti kọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ọpọlọ. Wọ́n fi ilé ìwòsàn Aro sí ìkáwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì kọ́ ọ tán. Dípò kó jókòó máa retí bíríkìlà, ó tọ àwọn báálẹ̀ àti àgbà abúlé mẹ́rin tó wà nítòsí lọ, ó ní kí wọ́n fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni tí gbogbo ayé ń sá fún, wọ́n ní kó wá máa gbé lójúde yín! Àwọn ará abúlé gbà. Owó ilé ń wọlé fún wọn, ilé ìwòsàn sì bá wọn tún ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó ṣe. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé aláìsàn kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń ṣe ní saara. Ayálégbé ni.

Òfin kan wà: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, tàbí aya. Ẹni náà ni yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò mú un lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀. Níbẹ̀, òògùn ń bẹ, abẹ́rẹ́ ń bẹ, ìtọ́jú tí wọ́n ń fi iná mànàmáná ṣe náà ń bẹ. (Mo sọ èyí nítorí àwọn tó máa ń ní ìfẹ́ nìkan tó.) Bí ọjọ́ bá rọ̀, ó di abúlé, láàárín ìkíni, iṣẹ́ àti ijó àwọn ará ibẹ̀. Lambo tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àwọn òyìnbó kan kò dùn sí i. Ní 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn dókítà ọpọlọ ti ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún gbogbo Áfíríkà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ẹbí yẹn. Kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n òun ló ń pe aláìsàn lórúkọ tí wọ́n ń pè é nílé, òun ló ń sọ fún un pé ọmọ lágbájá ti ń rìn. Ó tún ń kọ́ bí àìsàn náà ṣe rí, kí ó má baà di àjèjì sí wọn bí wọ́n bá padà délé.

Irú iṣẹ́ yẹn kò ju ẹgbẹ́ wa lọ. Obìnrin tí ọkọ kú fún, tí kò wá sípàdé mọ́, a máa ń ní ìgbéraga ló ń ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò wúlò mọ́ ni. "Mọ́kàn le" nìkan kò ní tó o. Ẹ lọ kí i nílé. Ẹ ní kó wá bá yín ka owó àjọ bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ó bá wá tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò róorun sùn, tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn. Bí ó bá sì ń sọ pé ikú yá ju ayé yìí lọ, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀; ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Kí ẹnìkan jókòó tì í níwájú dókítà, kí ó mọ òògùn tí wọ́n fún un, kí ó sì mọ ọjọ́ tí wọ́n ní kó padà wá.