Ère Idẹ Àwọn Baba Wa

Ní ọjọ́ kan, ìdílé kan ní ìlú Awo, lẹ́bàá Ẹdẹ, mú ohun kan tí a fi aṣọ dì tọ̀ wá wá. Nígbà tí a tú u, a rí ère idẹ kékeré méjì, akọ àti abo, tí a fi ẹ̀wọ̀n irin so orí wọn pọ̀. Ẹdan ni. Bàbá wọn àgbà ni ó fi í sílẹ̀ nígbà tí ó kú. Àbúrò fẹ́ tà á fún oníṣòwò kan. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ sọ ọ́ sínú odò, nítorí pé onígbàgbọ́ ni wọ́n. Wọ́n wí pé, "Bàbá Katikíìsì, kí ni kí a ṣe?"

Kí a tó dá wọn lóhùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀ wa. Oníṣẹ́ idẹ yóò fi amọ̀ mọ inú ère, yóò fi ìda oyin bò ó, yóò sì ya ojú, imú àti ilà sára ìda náà. Yóò tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀, yóò sì gbé e sórí iná. Ìda yóò yọ́ jáde, idẹ yíyọ́ yóò sì gba ipò rẹ̀. Nígbà tí ó bá tutù, a ó fọ́ amọ̀ náà dànù. Ìda kan, ère kan ni. Ọ̀nà ìda yìí kan náà ni àwọn ará Támílì ní Íńdíà lò ní ayé àwọn ọba Chola, láti ọ̀rúndún kẹsàn-án títí dé ìkẹtàlá, láti da ère àwọn òrìṣà wọn, tí wọ́n ń gbé yí ìlú ká ní ọjọ́ ọdún.

Ní ọdún 1938, bí àwọn ènìyàn ti ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n kan àwọn orí idẹ tí ẹwà wọn ya gbogbo ayé lẹ́nu. Ní ọdún 1957, a tún rí òmíràn ní Ìta Yemòó. Nínú wọn ni ọba àti olorì kan wà tí wọ́n fi apá àti ẹsẹ̀ kọ́ ara wọn, gíga wọn kò sì tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé sọ pé láàárín ọ̀rúndún kejìlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni a ṣe wọ́n.

Ṣáájú èyí, ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, rí orí idẹ kan ní Ifẹ̀, ó sì wí pé iṣẹ́ àwọn Gíríìkì ìgbàanì ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dúró. Orí amọ̀ tí ó jọ ti idẹ náà pọ̀ nínú ilẹ̀ Ifẹ̀, pẹ̀lú ilà ojú kan náà. Ta ni yóò gbé amọ̀ wá láti ilẹ̀ Gíríìkì? Ṣùgbọ́n bí a bá ti yọ́ àwọn ère wọ̀nyí tán, tàbí tí a ti tà wọ́n, kí ni à bá fi dá a lóhùn?

Ẹdan kì í ṣe ère ọba. Ti Ògbóni ni, àmì àṣẹ tí a ń fi ránṣẹ́ pe ènìyàn sí ìdájọ́. Síbẹ̀ ọgbọ́n ìda kan náà ni ó bí i.

A jẹ́wọ́ pé, ní ìgbà èwe wa nínú iṣẹ́, a ti gba ìdílé kan nímọ̀ràn láti sọ irú rẹ̀ nù. Wọ́n gbọ́ tiwa. Ó sì ń dùn wá títí di òní. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a kò bọ mọ́ ni a gbọ́dọ̀ parun. Nítorí náà a wí fún àwọn ará Awo yìí pé, kí wọn má ṣe bọ ọ́, kí wọn má sì tà á. Òfin ọdún 1979 pàápàá kò gbà kí a kó irú rẹ̀ jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Kí wọn gbé e lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Òṣogbo.

Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò. Wọ́n tún aṣọ náà dì, wọ́n sì mú ọ̀nà Òṣogbo pọ̀n.